Ọ̀dà Mọ́tò Lára Gìtá

Òórùn tínà tí wọ́n fi ń po ọ̀dà ló kọ́kọ́ pàdé Mofẹ́olúwa lẹ́nu ọgbà tí wọ́n ti ń kun mọ́tò ní Okokomaiko. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó tún tutọ́, síbẹ̀ kíkorò rẹ̀ kò kúrò lẹ́nu rẹ̀. Gìtá rẹ̀ ló wá gbà. Ọ̀la ni ìdíje gìtá ṣíṣe.

Bọ̀dá Ẹkúndayọ̀, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn ní Ìbà, gbé gìtá náà jáde láti inú bọ́ọ̀sì kan tí kò ní ilẹ̀kùn. Ó fi aṣọ nù ún, ó sì gbé e sí oòrùn. Pupa ni, pupa tó ń di dúdú létí, ó ń dán bíi mọ́tò tí ẹnikẹ́ni kò tíì wà rí. Mofẹ́ rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀.

"Àbúrò, báwo lo ṣe rí i?"

"Ó dára, Bọ̀dá. Ẹ ṣé gan-an."

"O ò tíì rí nǹkan kan. Fọwọ́ ra ibí yìí. Nígbà tí o gbé e wá, gbogbo etí rẹ̀ ló tẹ̀ wọnú. Mo ní, ta ló gbá ọmọ yìí? Mo fi pọ́tì tí a fi ń dí ara mọ́tò dí i, mo fi pépà oníyanrìn ha á títí ó fi tẹ́ pẹrẹsẹ. Mọ́tò kì í kúrò lọ́wọ́ tèmi kí ojú ibi tó tẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀."

Ọwọ́ Mofẹ́ dúró lórí pákó. Ibẹ̀ kò tẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi fá etí pákó iwájú náà, díẹ̀díẹ̀, tó ń fi èékánná kàn án, tó ń fetí sí i, títí ó fi fẹ́lẹ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa dáhùn bí ènìyàn bá mí lé e. Ibẹ̀ ni ohùn gìtá ń gbé. Bọ̀dá Ẹkúndayọ̀, tó ti ń kun mọ́tò láti ogún ọdún, rí i bí ara ọkọ̀ tí kẹ̀kẹ́ márúwá kọlù, ó sì tún un ṣe tọkàntọkàn.

"Àbí kò tẹ́ ọ lọ́rùn ni?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn, Bọ̀dá." Irọ́ ló pa.

Ẹgbẹ́ àwọn onígìtá kan ní Ọ̀jọ́ ló gbé ìdíje náà kalẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé girama. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sínú fọ́ọ̀mù pé ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni yóò ṣe gìtá rẹ̀, láti orí pákó títí dé orí ọ̀dà. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní yóò máa lo gbogbo ọlidé rẹ̀, fún ọdún méjì, ní ṣọ́ọ̀bù Alàgbà Oyèkànmí, tó ti ń fọwọ́ ṣe gìtá kí wọ́n tó bí ìyá Mofẹ́. Mofẹ́ kò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé tó ìyẹn. Ó lè jókòó ní kíláàsì kó máa wo pátákó, kó sì jẹ́ pé inú ṣọ́ọ̀bù yẹn ló wà. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi búrọ́ọ̀ṣì kun gìtá rẹ̀, ọ̀dà ṣàn bí ikun imú ọmọdé, ẹ̀rù sì bà á. Ó ti gbọ́ pé àwọn kan ń gbé tiwọn lọ fún àwọn akunmọ́tò. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Èmi nìkan kọ́." Bó ṣe dé Okokomaiko nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì, gìtá mọ́kànlá wà lórí tábìlì nínú gbọ̀ngàn kan ní ẹsiteeti Ìbà. Ti Bàrákátù ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Mofẹ́. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n, wọ́n jọ ṣa àfọ́kù pákó lọ́dọ̀ káfíńtà kan náà ni. Ọ̀dà tó ṣẹ́kù nígbà tí bàbá rẹ̀ kun ilẹ̀kùn ni Bàrákátù fi kun tirẹ̀, irun búrọ́ọ̀ṣì sì gbẹ mọ́ ọn lára.

"Ìyàwó wo lo gbé wá yìí?" ni Bàrákátù béèrè. "Ẹ wo àtíkè lójú rẹ̀. Tèmi dà bí ẹni tó ṣubú sí pọ̀tọ̀pọ́tọ̀. Mofẹ́, búrọ́ọ̀ṣì wo lo lò?"

"Irú tìẹ náà ni. Mo kàn fara balẹ̀ ni."

Bàrákátù wò ó díẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi èékánná yọ irun kúrò lára gìtá rẹ̀.

Àwọn adájọ́ mẹ́ta wọlé. Ìyáàfin Ọmọ́yẹni, tó ṣojú àwọn tó fowó sílẹ̀ fún ìdíje, ló ṣáájú pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́. Ó ya gìtá Mofẹ́ ní fọ́tò lọ́nà mẹ́fà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Bàrákátù, ó yínmú. "Ìgbálẹ̀ ni wọ́n fi kun èyí ni?"

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Mofẹ́ náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ka máàkì ẹwà. Mofẹ́ ló ṣe ipò kìíní. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Alàgbà Oyèkànmí, tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn adájọ́, kò pàtẹ́wọ́. Ó gbé gìtá náà lé itan, ó fọwọ́ gbá okùn rẹ̀. Ohùn tó jáde dà bí ti ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Bàbá náà fi ìka kan etí pákó yípo.

"Pákó kọ́ nìyí. Kí ló wà níbí, ọmọ mi?"

"Pọ́tì ni, sà."

"Pọ́tì kí ni?"

"Ti mọ́tò, sà."

"Ta ló fi í síbẹ̀?"

Ìyáàfin Ọmọ́yẹni dá sí i. "Alàgbà, ẹ má kó jìnnìjìnnì bá ọmọ ọlọ́mọ. Ó kàn ṣe àṣejù ni. Àbí ìwọ kọ́ lo ṣe é?" Ó ń mi orí sí Mofẹ́ bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ohun tí yóò wí.

Kí Mofẹ́ ṣáà mi orí padà ni, ṣọ́ọ̀bù náà di tirẹ̀. Ó wo Bàrákátù. Ọ̀dà ilẹ̀kùn kún èékánná ọmọ náà, ó ṣì ń yọ irun. Ìríra ara rẹ̀ bo Mofẹ́ mọ́lẹ̀.

"Èmi kọ́, mà. Akunmọ́tò kan ló kùn ún. Pákó ni èmi ṣe."

Ìyáàfin Ọmọ́yẹni pòṣé. "A ti fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn tó fowó sílẹ̀ o. Ṣé a ó wá máa bi àwọn ọmọ wọ̀nyí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan ni?"

"A ó bi wọ́n," ni Alàgbà Oyèkànmí wí. Ó kọjú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. "Ẹni tí kì í bá ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kun gìtá rẹ̀, kó gbé e kúrò lórí tábìlì."

Mofẹ́ gbé tirẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mira. Gìtá mẹ́ta mìíràn ń dán lórí tábìlì bíi dígí, òórùn tínà ń ti ara wọn jáde, ó gba gbogbo gbọ̀ngàn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ṣe bí ẹni tí kò ní imú. Abọ́lá, tó ni ọ̀kan nínú wọn, gbójú sókè, ó ń ka pákó àjà. Bàbá rẹ̀ tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ń tún fìlà ṣe.

Nígbà tí Bàrákátù ta gìtá tirẹ̀, àwọn tó ń fi ìwé fẹ́ ara wọn dáwọ́ dúró láti gbọ́. Síbẹ̀ ipò karùn-ún ni wọ́n fún un, nítorí máàkì ẹwà ju ti ohùn lọ ní ìlọ́po méjì. Alàgbà Oyèkànmí jiyàn títí, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ méjì yòókù kò gbà. Abọ́lá ló gba ipò kìíní.

Lẹ́nu ọ̀nà, Alàgbà Oyèkànmí dá Mofẹ́ dúró. "Mo fọwọ́ kan inú gìtá yẹn. Ọwọ́ tó fá pákó yẹn mọṣẹ́. Ká ní o gbé e wá tòun ti ọ̀dà tó ṣàn, ǹ bá jà fún ọ. Kí ni mo fẹ́ fi jà báyìí?"

Mofẹ́ gbé gìtá rẹ̀ dání, ó jáde.

Lọ́nà ilé, Bàrákátù ń lọ níwájú. Mofẹ́ sáré bá a. "Bàrákátù, jọ̀ọ́, má bínú."

"Torí gìtá kọ́ ni inú fi ń bí mi. O rí mi tí mò ń yọ irun, o ní o fara balẹ̀. O tún wá bá wọn rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni. Mo rẹ́rìn-ín."

Bàrákátù wo gìtá tó ń dán lọ́wọ́ Mofẹ́. "Ìwọ nìkan lo ṣáà gbé tìẹ kúrò lórí tábìlì."

Mofẹ́ kò gba ọ̀rọ̀ náà bí ìyìn. Ó ti wá yé e pé "èmi nìkan kọ́" tí òun fi tan ara òun, ọ̀rọ̀ kan náà ni Abọ́lá àti bàbá rẹ̀ fi ń sùn dáadáa. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ẹlòmíràn wá ìyìn, ìyìn náà kò lè di tirẹ̀ láé. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gan-an, èyí tí ì bá gbé e dé ibi tó ń lọ, ni yóò kọ́kọ́ sọnù lábẹ́ ọwọ́ ẹlòmíràn náà.