Ẹ̀rọ Tí Kì Í Dúró De Ẹsẹ̀

Orí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn jíìmù ni mo ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó jókòó sí ìkángun kan, mo jókòó sí ìkángun kejì. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀. Àwa méjèèjì kàn ń wo àwọn ẹ̀rọ yẹn bí ẹni tó ń wo ajá tí kò mọ̀ bóyá ó ń géni jẹ.

Ọjọ́ kẹta mi nìyẹn. Ọjọ́ kìíní, mo dé ẹnu ọ̀nà, mo padà. Ọjọ́ kejì, mo wọlé, mo jókòó, mo mu omi tí mo gbé wá tán, mo lọ sílé. Ọmọ mi obìnrin, tíṣà ni, bi mí pé, "Màámi, báwo ni jíìmù?" Mo ní ó dára. Irọ́ ni mo pa fún un.

Kì í ṣe pé ó wù mí láti lọ síbẹ̀. Rọpárọsẹ̀ ló fọwọ́ bà mí ní ẹsẹ̀ òsì. Dókítà ní kò le púpọ̀, àmọ́ bí mi ò bá máa lo ẹsẹ̀ náà, yóò gbàgbé iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ yẹn ni mo fi ń jẹun. Aránṣọ ni mí. Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ìgbà tí mo wá lé ní àádọ́ta ọdún, tí mo ti di opó láti ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n ní kí n lọ máa bá àwọn ọ̀dọ́ gbé irin.

Dígí ló yí gbogbo ògiri ibẹ̀ ká. Ibi yòówù kí n kọjú sí, ara mi ni mò ń rí: obìnrin kan nínú ṣòkòtò eré ìdárayá tuntun, tó di báàgì rẹ̀ mú bí ẹni tí wọ́n fẹ́ já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọkùnrin náà kò yíjú sí mi tó fi sọ̀rọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, èyí tó wà lọ́hùn-ún yẹn, ṣé wọ́n ń jókòó sí i ni àbí wọ́n ń sùn lé e?"

"Mi ò mọ̀ ọ́n sà. Mo rò pé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n."

"Èmi kẹ̀? Káfíńtà ni mí. Ohun tí mo mọ̀ níbí ò ju bẹ́ǹṣì tí a jókòó sí yìí lọ." Ó fi ìka kan ìdí bẹ́ǹṣì náà. "Wọn ò tiẹ̀ kàn án dáadáa."

Mo rẹ́rìn-ín. Ó yà mí lẹ́nu pé mo rẹ́rìn-ín.

Ó sọ fún mi pé wọ́n la àyà òun ní ọsibítù, wọ́n tún ọkàn òun ṣe. Dókítà ní kó máa rìn, kó máa gbé ohun tí kò wúwo. Ó ní, "Ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀bẹ la àyà rẹ̀, tó wá ń bẹ̀rù ẹ̀rọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ mi ń tini lójú?"

Ẹ̀rù tèmi ti pọ̀ jù.

Obìnrin kan ló ń darí ibẹ̀. Apá rẹ̀ tó itan mi. Kóòṣì ni gbogbo èèyàn ń pè é. Ó dúró níwájú wa, ó fọwọ́ méjèèjì lé ìbàdí.

"Màmá, Dádì, ṣé wọ́n so yín mọ́ bẹ́ǹṣì yìí ni? Ó yá, ẹ dìde!"

Ó gbé mi sórí ẹ̀rọ tí wọ́n ń rìn lórí rẹ̀. Bẹ́líìtì dúdú kan ni, tó ń yí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ó ní bọ́tìnnì pupa ló ń dá a dúró. Ó ní okùn kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú, kí n há ẹnu rẹ̀ mọ́ aṣọ mi; bí nǹkan bá ṣe mí, okùn yóò já kúrò lára ẹ̀rọ, ẹ̀rọ yóò sì kú. Ó bi mí bóyá ó yé mi. Mo ní ó yé mi. Kò yé mi. Ojú ń tì mí láti ní kó tún un sọ. Mi ò sì há okùn yẹn mọ́ aṣọ, torí mo rí i pé ẹnu ìhá rẹ̀ máa já òwú ẹ̀wù mi. Mo fi kọ́ apá ẹ̀rọ.

Ó bẹ̀rẹ̀ jẹ́jẹ́. Mo ń rìn. Mo ń sọ nínú ara mi pé, àṣé kò tó nǹkan. Ni Kóòṣì bá lọ dá ẹnì kan lóhùn. Mi ò mọ ohun tí ọwọ́ mi kàn. Bẹ́líìtì náà yára. Ẹ̀rù bà mí, mo sì ṣe ohun tí mo ti ń ṣe fún ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n. Mo dá ẹsẹ̀ dúró.

Nílé mi, bí ẹsẹ̀ mi bá dúró, ẹ̀rọ á dúró. Èyí kò mọ̀ mí rí. Ó gbé mi lọ sẹ́yìn bí ìdì aṣọ, ó sì dà mí sílẹ̀ gbìì.

Mo gbọ́ tí ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Káfíńtà ò rẹ́rìn-ín. Ó rọra wá, ó fọwọ́ lé àyà, ó bẹ̀rẹ̀ tì mí.

"Ẹ má tíì dìde. Ẹ kọ́kọ́ mí ná." Mo mí. Ó ní, "Kí ló dé tí ẹ dúró?"

"Kó lè dúró ni."

Mo ṣàlàyé ẹ̀rọ ìránṣọ mi fún un nílẹ̀ níbẹ̀, orúnkún mi ń ta mí. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó mi orí.

"Ó yé mi. Tilé yín, ẹ̀yin lẹ̀ ń wà á. Èyí, òun ló ń wa èèyàn. Lọ́la, èmi ni màá di okùn yẹn mú. Bí ojú yín bá ti yí padà báyìí, màá fà á."

Mo ti búra nínú ọkàn mi pé mi ò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo rò ó pé ọkùnrin yẹn á ti dúró ti ẹ̀rọ, á máa wo ilẹ̀kùn. Mo wọ bàtà mi.

Ìgbà méje ló fa okùn lọ́jọ́ náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mi ò tíì gbé ẹsẹ̀ kẹta!"

"Ojú yín ló yí padà."

"Bí ojú mi ṣe rí nìyẹn!"

"Áà. Ẹ má bínú. Màá máa wo ẹsẹ̀ nígbà náà."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún gbogbo àlàyé rẹ̀ ṣe fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀, bọ́tìnnì kan lẹ́yìn èkejì. Ó ní ojoojúmọ́ ni àwọn tí apá wọn yi gbọn-in gbọn-in náà ń bi òun ní ìbéèrè, kí á má dákẹ́. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń béèrè. Bí mo bá béèrè, Káfíńtà á ní, "Èmi náà fẹ́ béèrè, ojú ló ń tì mí."

Tó bá kan òun láti gbé irin, èmi ni mò ń kà fún un. Irin tó kéré jù ni. Mò ń wo ètè rẹ̀ bí dókítà rẹ̀ ṣe ní kí wọ́n máa wò ó, pé bí àwọ̀ rẹ̀ bá yí, kó gbé irin sílẹ̀. Mo mọ ètè ọkùnrin náà ju bí mo ṣe mọ tèmi lọ.

Ọ̀sẹ̀ kẹfà, mò ń rìn lórí ẹ̀rọ, mò ń ro aṣọ oníbàárà kan lọ́kàn. Mo wá ṣàkíyèsí pé okùn wà nílẹ̀. Kò dì í mú mọ́. Ó kàn ń wò mí ni.

Ó ní, "Ìwọ ò tiẹ̀ mọ̀ pé o ti rìn fún ogún ìṣẹ́jú."

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè mí ní ìwọ nìyẹn. Ara mi gbóná. Èmi ò lè pè é bẹ́ẹ̀, mo ń pè é ní ẹ̀yin títí di òní.

Lórí àtẹ̀gùn ìta, níbi tí a ti máa ń mu omi, ló ti sọ ọ́. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ṣáájú ọkọ mi.

"Aránṣọ, mo nífẹ̀ẹ́ rẹ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kó gùn. Mo fẹ́ kí o jẹ́ aya mi."

Inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní màá sọ fún àwọn ará ilé mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dúró bíi bàbá fún mi. Ọ̀gá ilé ìwé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ó wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé, ó jókòó, kò mu omi tí mo gbé fún un.

"Àbúrò, mo gbọ́ pé wọ́n la àyà rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Bọ̀dá mi."

"Ìwọ náà, ẹsẹ̀ rẹ ńkọ́? Aláìsàn méjì! Ta ni yóò gbé ta?"

Ọmọ mi, tó jókòó tì mí, rọra ní, "Ẹ̀gbọ́n Màámi, ara wọn ti yá sí i láti ìgbà tí wọ́n ti mọ bàbá yẹn."

"Ẹ̀rù ò bà ọ́?" ẹ̀gbọ́n mi bi í.

"Ó ń bà mí sà."

Ẹ̀gbọ́n mi wá yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé o ti gbàgbé bí o ṣe rí nígbà tí ọkọ rẹ kú? Oṣù méjì. Èmi ni mo ń fi ṣíbí bọ́ ọ. Wọ́n ti sọ fún ọ pé ọkàn ọkùnrin yìí kò dá ṣáṣá, o sì tún fẹ́ lọ fi ara rẹ síbẹ̀. Èmi ò lè wo irú ìyẹn lẹ́ẹ̀kejì."

Òótọ́ ló sọ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù gan-an nìyẹn, òun ló kàn sọ ọ́ jáde.

Mi ò lọ sí jíìmù mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo pa fóònù. Ẹsẹ̀ mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ nílẹ̀.

Ní ọjọ́ Ajé kan, Káfíńtà wọ ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú ṣòkòtò méjì lọ́wọ́.

"Mi ò wá bẹ̀bẹ̀ o. Ìbàdí wọn ti tóbi jù fún mi. Mo ń rù."

Mo gba ṣòkòtò náà. Mo na téèpù yí i nídìí.

"Ẹ̀rù ń bà mí," mo ní. "Mo ti sin ọkọ kan."

"Mo mọ̀."

"Ẹ ṣèlérí fún mi pé ẹ ò ní kú."

Ó ní, "Bí mo bá ṣe é, irọ́ ni mo pa fún ọ. Dókítà pàápàá ò sọ iye ọdún fún mi. Ohun tí mo lè ṣèlérí ni pé màá máa rìn láràárọ̀, màá máa lo oògùn mi, mi ò sì ní fi bí ara mi bá ṣe rí pa mọ́ fún ọ. Ó tán."

Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ. Kò wẹ̀yìn.

Mo jókòó sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Mi ò rán nǹkan kan. Mo rò ó pé bí ìròyìn bá dé lọ́jọ́ kan pé ó ti kú, níbo ni màá wà? Mo rí ara mi níbi ìsìnkú, lẹ́yìn pátápátá, láàárín àwọn tó kàn wá kí àwọn ẹbí rẹ̀.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Mo fi ẹsẹ̀ rìn lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi. Ó jìnnà, mo sinmi lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń bomi rin òdòdó níwájú ilé rẹ̀ nígbà tí mo dé.

"Ọkọ̀ wo lo wọ̀?"

"Mo rìn ni, Bọ̀dá mi." Mi ò jókòó, torí bí mo bá jókòó, mi ò ní lè sọ ọ́. "Ẹ bi mí pé ta ni yóò gbé ta. Kò sí ẹni tó fẹ́ gbé ẹnì kan. A jọ fẹ́ máa rìn ni."

"Bó bá kú ńkọ́?"

"Màá sunkún. Bí mi ò bá fẹ́ ẹ, tó sì kú, màá ṣì sunkún. Àmọ́ màá máa sunkún bí àlejò. Bọ̀dá mi, bí mo bá máa sunkún rẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sun ún bí aya rẹ̀."

Omi ń dà sí bàtà rẹ̀, kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó pa ẹ̀rọ omi, ó wọlé, ó gbé àga jáde fún mi, ó sì wọ bàtà mìíràn.

"Sinmi díẹ̀," ó ní. "Lẹ́yìn náà, wá fi ilé rẹ̀ hàn mí."

Kóòtù ni a ti ṣe ìgbéyàwó wa, èèyàn mẹ́fà péré. Kóòṣì wá. Ọmọ mi sunkún. Ẹ̀gbọ́n mi fọwọ́ sí ìwé bí ẹlẹ́rìí, ó di olówó orí mi lọ́wọ́ mú, kò tètè fi í sílẹ̀. Ó ní, "Máa tọ́jú ara rẹ. Mo bẹ̀ ọ́ ni."

Ó ti pé oṣù mọ́kànlá. Ẹ̀rù ò tíì kúrò lára mi, mi ò ní purọ́. Láràárọ̀, kí n tó la ojú, mo máa ń na ọwọ́ sí ojú ọgbẹ́ àyà rẹ̀, mo máa ń dúró.

Òun náà kì í la ojú. Ó kàn máa ń gbé ọwọ́ tirẹ̀ lé tèmi.

"Mo ṣì ń mí, ìyàwó mi. Dìde, gbé omi kaná."