Ìkòkò Làbẹ́ Méjì

Apá obìnrin náà ni Saeed kọ́kọ́ rí. Ó fi apá méjèèjì gbá ìkòkò òdòdó kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tí ara rẹ̀ ò yá, ó ń sọ̀kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì márosẹ̀ Kubwa, eruku ọyẹ́ sì ti sọ irun rẹ̀ di funfun bíi ti arúgbó. Kò jẹ́ kí ọlọ́kẹ̀kẹ́ bá a gbé e. Ó rìn gba àárín àwọn igi tí Saeed ń tà, ó gbé ìkòkò náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ti kú ni?"

Saeed lóṣòó tì í. Làbẹ́ ni, irú ti etí odò tí orí rẹ̀ máa ń tàn ká bí agboòrùn. Àwọn ọ̀pá rẹ̀ ti tín-ín-rín, gbogbo wọn tẹ̀ sí apá kan, ewé wọn sì ti ń gbẹ láti ṣóńṣó. Ó fi ìka tú iyẹ̀pẹ̀ wò títí ó fi kan gbòǹgbò.

"Kò tíì kú," ni ó wí. "Ìmọ́lẹ̀ ni kò rí. Inú òkùnkùn lẹ gbé e sí."

Obìnrin náà sọ fún un pé yàrá ìyá òun ló wà. Kíkẹ́olúwa lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ àjọ aláàánú kan ló ń ṣe, ṣùgbọ́n ilé ló ti ń ṣe é báyìí, nítorí pé jẹjẹrẹ ti dá ìyá rẹ̀ dùbúlẹ̀. Màmá ti ṣe tíṣà rí. Òun fúnra rẹ̀ ló hú làbẹ́ náà létí odò lọ́dún tí ọkọ rẹ̀ kú, kò sì fẹ́ kó kúrò níbi tí ojú òun ti lè tó o. Bẹ́ẹ̀, ògiri ilé kejì ni fèrèsé yàrá rẹ̀ kọjú sí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Saeed tẹ̀lé e délé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kọ̀ọ̀kan, ó na ọwọ́ sínú ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń wò bóyá omi ti gbóná tó. Màmá ń wò ó láti orí ibùsùn, ó ti rù débi pé ojú rẹ̀ nìkan ló kù tó tóbi. Ó bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe.

"Màá pín in sí méjì, Mà. Ọ̀kan á wà lọ́dọ̀ yín, èkejì á wà níta. Tó bá ti pé ọ̀sẹ̀ kan, a ó pààrọ̀ wọn, kí èyí tó ti wà nínú yàrá lè lọ rí oòrùn."

"Ta ni á máa pààrọ̀ wọn?"

Saeed wo Kíkẹ́olúwa, ó tún wo ilẹ̀. "Èmi ni, Mà."

Màmá rẹ́rìn-ín. Kíkẹ́olúwa sọ fún un lẹ́nu géètì pé ó ti lé lóṣù kan tí òun ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn gbẹ̀yìn.

Láti ìgbà náà, gbogbo ọjọ́ Sátidé ni Saeed ń wá. Ó kọ́ Kíkẹ́olúwa pé èyí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kò gbọdọ̀ bọ́ sínú oòrùn ọ̀sán lójijì. Abẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìnkùlé ni kó kọ́kọ́ wà fún ọjọ́ mẹ́rin, lẹ́yìn náà kó máa rí oòrùn àárọ̀, kí ìdí rẹ̀ sì wà nínú abọ́ omi nígbà gbogbo. Nígbà tí Saeed lọ kí àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Ìwó, Kíkẹ́olúwa kánjú, ó gbé e sí gbangba. Nígbà tí Saeed dé, ó bá ìkòkò náà lẹ́yìn gáráwa tí Kíkẹ́olúwa fi í pamọ́ sí, ewé rẹ̀ ti jóná.

"O ti sun ún bí àgbàdo."

"Mo rò pé ó máa tètè sàn ni."

"Abẹ́ máńgòrò ná, mo ti sọ fún ẹ."

Kíkẹ́olúwa bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Dókítà ti ní kí wọ́n má gbé Màmá wá sí ọsibítù mọ́, pé oògùn ìrora nìkan ló kù. Saeed di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lú ẹrẹ̀ tó wà lọ́wọ́ òun náà, kò sì fi í sílẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni Ọlọ́runtóbi bá wọn. Òun ni ẹ̀gbọ́n Kíkẹ́olúwa, òṣìṣẹ́ báǹkì tó ń gbé ní Lokogoma, tó sì ń ra oògùn Màmá. Ó pe Saeed jáde. Kò pariwo. Ó ní ẹni tí ìyá rẹ̀ ń kú lọ á di ọwọ́ yòówù tí wọ́n bá nà sí i mú, àti pé ọkùnrin gidi kì í fi irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ wá aya. Ó tún ní ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni àbúrò òun. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn kò dun Saeed tó ti ìṣáájú, nítorí pé òun náà ti ń bẹ̀rù ohun kan náà.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, Màmá ní kí Kíkẹ́olúwa jáde, ó sì ní kí Saeed sún mọ́ òun.

"Ṣé àánú ọmọ mi ló ń ṣe ẹ́?"

"Ó ń ṣe mí, Mà. Àmọ́ kì í ṣe òun ló ń gbé mi wá. Ohunkóhun tí mo bá rí lójúmọ́, òun ni mo máa ń fẹ́ sọ ọ́ fún."

Màmá dijú, ó simi kó tó lè sọ̀rọ̀. "Má tíì sọ fún un. Jẹ́ kó sin mí, kí ara rẹ̀ sì balẹ̀. Mi ò fẹ́ kó rò lọ́jọ́ kan pé ìbànújẹ́ ló bá òun yan ọkọ."

Saeed ṣèlérí. Ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Màmá kú láàárọ̀.

Níbi ìsìnkú, ẹ̀yìn gbogbo ènìyàn ló dúró sí. Nígbà tí Kíkẹ́olúwa wá a kàn, tí ojú rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, Saeed kàn ní, "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè." Bó ṣe pè é ní "ẹ" bí àlejò yẹn dun Kíkẹ́olúwa ju bó ṣe lè sọ lọ. Ó yí padà. Ọlọ́runtóbi fi ilé náà háyà, Kíkẹ́olúwa sì kó lọ sí Lugbe. Saeed ń ka ọjọ́, kò sì mọ ọjọ́ wo ni ara ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ máa ń balẹ̀.

Ní oṣù kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, katakátà ìjọba wá palẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì mọ́. Wọn ò fún àwọn tó ń tajà níbẹ̀ ní wákàtí kan. Igi tí Saeed ti ń tọ́ láti ọdún mẹ́jọ fọ́nká sínú ẹrẹ̀, ó sì jókòó sáàárín wọn, kò ṣa ohunkóhun. Ẹnìkan lóṣòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ kó iyẹ̀pẹ̀ padà sínú ìkòkò tí kò fọ́. Kíkẹ́olúwa ni. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn ará Kubwa.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó ní, "Mo ṣì ń pààrọ̀ wọn ní gbogbo Sátidé."

Saeed wá sọ gbogbo ohun tí Màmá bá a sọ fún un. Inú bí i gan-an.

"Oṣù mẹ́ta lo fi ṣe mí bí ẹni tí o kò mọ̀. Màmá ní kí o dúró. Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi ò fẹ́ dúró."

"O lè sọ ìyẹn fún mi."

"Mo ti ṣèlérí fún ẹni tó ń kú lọ, Kíkẹ́." Ó na ọwọ́ sí ilẹ̀ tó wà níwájú wọn. "Wò ó, mi ò ní nǹkan kan lónìí. Ṣé wàá fẹ́ mi?"

Kíkẹ́olúwa nu ojú sí èjìká, nítorí pé ẹrẹ̀ ti kún ọwọ́ rẹ̀. "Màá fẹ́ ẹ. Àmọ́ o ò tún gbọdọ̀ bá mi dákẹ́ bẹ́ẹ̀ mọ́."

Kóòtù ni wọ́n ti ṣe ìgbéyàwó, lọ́jọ́ tí òjò ń rọ̀. Wọ́n ti jọ fẹnu kò pé oníkálukú á máa ṣe ẹ̀sìn rẹ̀. Ọlọ́runtóbi kò wá. Nígbà tí wọ́n délé, Kíkẹ́olúwa jókòó sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó lára, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀mejì, kò gbé e. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bọ̀dá mi, a ti ṣe é."

Saeed jókòó tì í, ó ń gbọ́ bí ọkùnrin náà ṣe ń mí nínú fóònù, tó sì ń fa imú bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ń sunkún. Ó pẹ́ gan-an.

"Ṣé ẹ̀yin méjèèjì ti jẹun?" ni Ọlọ́runtóbi bi í.