Ọjọ́ Méjìlélógún Tí Kò Sí Nínú Kàlẹ́ńdà

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ èmi Olúwayẹ́misí ló fá irùngbọ̀n bàbá náà, ojú èmi náà ló sì rí i lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á gbọ́, kó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá fẹ́, mi ò ní bá a jà.

Ọdún 1983 ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Des Plaines ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, nítòsí pápákọ̀ òfurufú O'Hare. Bàálù kì í dákẹ́ lórí wa. Bó bá pẹ́ téèyàn ti wà níbẹ̀, etí kì í gbọ́ ọ mọ́.

Mísítà Augustine ló wà ní yàrá tó kángun. Òyìnbó ni. Ogójì ọdún ló fi kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Látìn. Kò níyàwó, kò bímọ, kò sẹ́ni tó ń wá kí i. Èmi náà, ìyá mi ń ṣàìsàn n'Íléṣà, ìwé ìgbélùú mi kò tíì jáde, mi ò lè lọ wò ó. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ àwa méjèèjì wọ̀. Bí mo bá ń wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, á máa sọ ìtàn kàlẹ́ńdà àwọn ará Róòmù àtijọ́ fún mi.

"Wọ́n ní oṣù mẹ́wàá péré ni wọ́n ń kà níbẹ̀rẹ̀," ó wí. "Láti March dé December. Àwọn ọjọ́ òtútù tó tẹ̀ lé e, wọn kò fún wọn lórúkọ. Wọn kò tilẹ̀ kà wọ́n."

"Ta ló wá ń sọ fún àgbẹ̀ pé ìgbà ti tó, sà?"

"Ojú ọ̀run ni."

Ó ní ọba wọn kan ló fi January àti February kún un, síbẹ̀ ọdún kò bá oòrùn dọ́gba. Nítorí náà, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn àlùfáà á gé February dúró ní ọjọ́ kẹtàlélógún, wọ́n á ki oṣù mìíràn bọ̀ ọ́. Ọdún á fi ọjọ́ méjìlélógún gùn sí i. Bí ọ̀rẹ́ wọn bá wà lórí oyè, wọ́n á ki oṣù náà bọ̀ ọ́ kó lè pẹ́ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ọ̀tá, wọ́n á ṣe bí ẹni gbàgbé. Ó dàrú débi pé àjọ̀dún ìkórè ń bọ́ sí ìgbà tí kò sí nǹkan kan lóko. Késárì ló tún un ṣe. Ọdún tó fi tún un ṣe, irinwó ọjọ́ ó lé márùndínláàádọ́ta ni.

"Késárì fagi lé oṣù náà," bàbá wí. "Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún oṣù náà?"

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín.

Ìrọ̀lẹ́ Wednesday, February 23, mo fá irùngbọ̀n rẹ̀ kí oúnjẹ tó dé. Mo gé èékánná rẹ̀. Kàfáyàtù, ọmọ Ìwó tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ló bá mi gbé abọ́ omi dání. Mo kọ ọ́ sínú ìwé, mo fọwọ́ sí i.

Bí mo ṣe parí shift mi, wọ́n ní ẹnìkan kò ní lè wá láàárọ̀. Mo gbà láti padà wá ní aago méje.

Mo ṣílẹ̀kùn yàrá bàbá. Òórùn ló kọ́kọ́ kàn mí, òórùn yàrá tí wọn kò ṣí fún ìgbà pípẹ́. Eruku bo tábìlì. Bàbá jókòó sétí ibùsùn. Irùngbọ̀n funfun bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Èékánná rẹ̀ ti gùn. Ó ti rù.

Mo dúró sẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Yẹ́mí." Ohùn rẹ̀ gbẹ. "Ọjọ́ wo nìyí?"

"Thursday, sà. Twenty-fourth."

Ó mí kanlẹ̀. "Oṣù náà ti parí nìyẹn."

"Ibo lẹ lọ, sà?"

"Mi ò lọ síbì kankan. Ibí ni mo wà. Ẹ̀yin ni ẹ kò sí."

Ó ní gbogbo ilé dá páropáro. Ó ń lọ jẹun díẹ̀díẹ̀ ní ilé ìdáná. Ó ní bàálù kan kò kọjá.

Ó wá di ọwọ́ mi mú. "Obìnrin kan wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó dúdú bíi tìẹ. Ó kúrú, ó ń fọwọ́ ti ìbàdí bó bá ń rìn. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀. Ó ń yọjú sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ń pe orúkọ kan. Àrìnkẹ́. Àrìnkẹ́."

Yẹ́mí ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́. Ọkọ mi ń pè mí ní Yẹ́misí. Mi ò kọ oríkì mi sínú ìwé kankan ní Amẹ́ríkà. Ẹnìkan ṣoṣo ló ń fi pè mí láyé yìí.

Ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì wọlé. Ó wo bàbá. Ó wo ìwé tí mo fọwọ́ sí. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi pa ọkùnrin yìí tì, o sì ń fọwọ́ síwèé irọ́!"

Mo mọ̀ pé iṣẹ́ ti bọ́ nìyẹn, bóyá ìwé ìgbélùú náà. Wọ́n tẹ Kàfáyàtù láago, ó wá. Ó rí bàbá, ó fọwọ́ bo ẹnu.

"Èmi ni mo gbé abọ́ omi dání, mà," ó wí. "Lánàá ni. Mo fi Ọlọ́run búra."

Ọ̀gá gbé bàbá sórí ìwọ̀n. Ó yẹ ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sí lọ́jọ́ Monday wò. Pọ́n-ùn mọ́kànlá ti lọ lára rẹ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀gá pa ìwé náà dé, ó sì jáde láìwo ojú ẹnikẹ́ni.

Kàfáyàtù bá mi nídìí mọ́tò. "Àǹtí Yẹ́mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí ní nǹkan kan o."

"Mi ò tíì bi ọ́."

"Ẹ má bi mí náà ni."

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti wáṣẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní Calumet City.

Láàárín March ni lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi, Adéògún, dé. Màmá ti lọ. Wọ́n jí ní àárọ̀ Thursday, February 24, wọ́n bá a bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́ pé: "Ohun kan ń bà mí lẹ́rù. Ìrọ̀lẹ́ Wednesday ni Adéòkè tó ń tọ́jú rẹ̀ di irun fún un. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, irun tuntun ti hù lábẹ́ dídì náà, ó ti gbé e sókè. Ẹni tó bá rí i á ní ó ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta."

Mo mú lẹ́tà náà lọ bá Mísítà Augustine. Ó gbọ́ ọ tán, ó bojú wo fèrèsé.

"Ní ọjọ́ kọkàndínlógún," ó wí jẹ́jẹ́, "obìnrin náà rí yàrá tí ẹ ti ń pààrọ̀ aṣọ. Ó jókòó síbẹ̀, nídìí aṣọ rẹ. Kò pe orúkọ mọ́. Nígbà tí mo padà débẹ̀, kò sí mọ́."

Mo ká lẹ́tà náà sápò. Kí ọdún náà tó parí, bàbá ti kú.

Ẹ̀gbọ́n mi tún kọ̀wé. Ó ní kò sẹ́ni tó rí ìgbà tí ẹ̀mí bọ́. Ọjọ́ wo ni kí wọ́n kọ sára òkúta sàréè, Wednesday tàbí Thursday? Ó ní nítorí pé èmi àbíkẹ́yìn kò lè wá sí ìsìnkú, èyí tí mo bá mú ni wọ́n máa kọ.

Múyìwá, ọkọ mi, ní kí n sáà mú ọ̀kan. Mo jókòó ti bébà. Mo kọ Wednesday, mo ya á. Mo kọ Thursday, mo ya á.

Ọdún kẹrin nìyí. Òkúta náà ṣì wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ ẹ n'Íléṣà. Orúkọ ìyá mi ti wà lára rẹ̀. Wọ́n ṣì ń dúró dè mí.