Ọdún Mọ́kànlá Honorine

Òjò ń pa Aurélien bọ̀ láti ibùdókọ̀ ojú irin Rouen, nílẹ̀ Faransé, lọ́jọ́ tí Honorine kọ́kọ́ rí i. Ìwé ìtàn tí Honorine kọ ló fi kóòtù bò. Orí òun fúnra rẹ̀ rin gbingbin.

"Mùsíọ̀, òtútù kì í mú ìwé o. Èèyàn ló ń mú."

"Ìwé yín ló mú mi sunkún, Màdámùsẹ́ẹ̀lì. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ di sinimá."

Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi jọ ṣiṣẹ́ nínú ilé ìdáná Honorine ní Rouen. Kí ìgbà òtútù tó parí, "ẹ" ti di "o" láàárín wọn.

"Olólùfẹ́ mi, ọbẹ̀ ti tutù," Honorine wí.

"Ìwọ lo jókòó síwájú mi. Ta ló máa rántí ọbẹ̀?"

Ohun kan ṣoṣo ni Honorine bẹ̀ ẹ́: kó má fọwọ́ kan ìparí ìtàn náà. Ọmọbìnrin inú ìwé dúró de àfẹ́sọ́nà rẹ̀ tó lọ sójú ogun, ọkùnrin náà ò sì padà mọ́. Mathilde, ẹ̀gbọ́n Honorine, ni ọmọbìnrin yẹn lóòótọ́. Dídúró de ọkùnrin náà ló pa á. Aurélien búra.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi sinimá náà hàn ní Paris, ológun náà padà dé nínú sinimá, ó sì fi ọmọbìnrin náà ṣaya. Àtẹ́wọ́ ń ró wàá. Honorine dìde, ó jáde.

"Honorine, jọ̀ọ́, gbọ́ mi!"

"O ta ẹ̀gbọ́n mi nítorí àtẹ́wọ́."

Lẹ́tà Aurélien ń dé. Honorine ò já ọ̀kankan. Ọdún ń gorí ọdún títí ó fi pé mọ́kànlá. Ìgbà tó ń kó ẹrù ìyá rẹ̀ tó dolóògbé ló já ọ̀kan, tó rò pé ti ìyá òun ni.

"Ẹlòmíì ni àwọn tó fowó ṣe sinimá náà pè pé kó tún ìparí kọ," Aurélien kọ ọ́ síbẹ̀. "Inú ilé sinimá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ, lèmi náà ti kọ́kọ́ rí i."

Honorine ka àdírẹ́sì ẹ̀yìn lẹ́tà náà, ó sì wá a lọ.

Ó bá a ní Dieppe, níbi tí Aurélien ti ń kọ́ni níwèé. Irun rẹ̀ ti funfun.

"Kí ló dé tí o ò wá sọ fún mi?"

"Mo wá lẹ́ẹ̀mejì. O ò ṣílẹ̀kùn."

Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìlú, àwọn àti ẹlẹ́rìí méjì péré.

"Mo ti fìbínú lo ọdún tá à bá fi bímọ, Aurélien."

"Òótọ́ ni," Aurélien wí. Ó dì í lọ́wọ́ mú gírígírí, wọ́n sì wọlé lọ so yìgì.