Bàbá Tí Kò Rí Ilé Ẹ̀kọ́ Yàn

Orí ìgànná ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni Gbémisọ́lá ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin gíga kan, tó wọ jalámíà funfun, ló dúró ṣánṣán sókè níbẹ̀, ó na ọwọ́ kan bí ẹni tó fẹ́ já máńgòrò, ó sì ń fi òyìnbó bi fóònù rẹ̀ léèrè bóyá adágún ìwẹ̀ tó wà nílé ẹ̀kọ́ wọn jìn. Àwọn ọmọ tí Gbémisọ́lá ń kọ́ ti pa ìṣirò tì, wọ́n ti rọ́ dí ojú fèrèsé.

Ó jáde lọ bá a. Ó kọ́kọ́ kí i, nítorí ilé ire ló ti wá, kó tó bi í pé ṣé orí ìgànná àwọn nìkan ló kù láyé tí ènìyàn lè dúró sí ni.

Ọkùnrin náà sọ̀ kalẹ̀, ó tọrọ àforíjì. Ó ní ní gbogbo Lánlátẹ̀, ibẹ̀ nìkan ni nẹ́tíwọ̀kì kì í ti í já. Hàkímù lorúkọ rẹ̀, ilé ìyá rẹ̀ tó wá kí ló wà lẹ́yìn ọgbà náà. Dóhà, nílẹ̀ àwọn Lárúbáwá, ló ti ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ. Ìyàwó rẹ̀ ti ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tó bí fún un, Àmírà, wà lọ́hùn-ún lọ́dọ̀ Hàlímọ̀, àbúrò Hàkímù. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ náà ń lọ ti kógbá wọlé, ó sì gbọ́dọ̀ rí òmíràn fún un níbẹ̀ kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀. Ó wá bẹ Gbémisọ́lá pé níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ tíṣà, kó jọ̀ọ́ bá òun dá sí i.

Gbémisọ́lá gbà. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ọ̀sán ọjọ́ kan ni.

Ẹ̀yin èèyàn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọjọ́ kan. Bí wọ́n bá ti jáde nílé ẹ̀kọ́, Hàkímù ti dé pẹ̀lú àléébù tuntun. Èyí tó ń kọ́ ọmọ bíi ti London kò kọ́ wọn ní kéwú. Èyí tó ń kọ́ kéwú kò ní igi kankan nínú ọgbà rẹ̀. Òmíràn dára títí, àfi pé bọ́ọ̀sì rẹ̀ máa ń gba orí afárá. Ó wá di ọjọ́ kan, ó ní òun ti rí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ kan lórí fídíò, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín jù.

“Bàbá Àmírà,” ni Gbémisọ́lá wí, ó ti ká ọwọ́ lérí, “kí ni ẹ̀rín ṣe yín?”

Hàkímù ronú díẹ̀. “Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín báyẹn kò ní tètè gbọ́ bí ọmọ bá ń sunkún.”

Ọkùnrin náà ń mú Gbémisọ́lá bínú, ó sì ń ṣe é láàánú. Èyí tó wá burú jù níbẹ̀ ni pé bí aago bá ti lù báyìí, ojú rẹ̀ a ti máa wá ẹnu géètì.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Hàkímù gbé fóònù lé e lọ́wọ́ pé kó kí Àmírà. Ọmọ náà kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, lẹ́yìn náà ló rẹ ohùn sílẹ̀.

“Àǹtí, ẹ bá mi sọ fún Dádì pé kí wọ́n mú èyíkéyìí. Mo kàn fẹ́ ní ọ̀rẹ́ ni.”

Gbémisọ́lá dá fóònù padà. Sùúrù rẹ̀ ti tán.

“Kì í ṣe ilé ẹ̀kọ́ lẹ ń wá,” ló sọ fún Hàkímù. “Ìyá ọmọ yẹn lẹ ń wá, kò sì sí nílé ẹ̀kọ́ kankan. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa lọ bá ẹgbẹ́ rẹ̀.”

Ìbá dára ká ní Hàkímù fi ọ̀rọ̀ mọ síbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó máa lanu, ó ní, “Nígbà náà, ẹ jẹ́ ká fẹ́ra. Tí ẹ bá bá mi lọ, ẹ̀yin lẹ máa yan ilé ẹ̀kọ́ náà.”

Gbémisọ́lá wò ó látòkè délẹ̀. Ó pẹ́ tó ti ń retí ọ̀rọ̀ yìí, ó wá bọ́ lẹ́nu ọkùnrin náà bí ẹni ń háyà ọmọ iṣẹ́. “Ṣé ìyàwó lẹ ń wá, àbí tíṣà tí yóò máa sùn sílé yín?” Kò dúró gbọ́ èsì.

Nígbà tí bàbá rẹ̀, Adélékè, gbọ́ ọ ní Èrúwà, ó ní òun kò ní wàhálà pẹ̀lú mọ́ṣáláṣí, mùsùlùmí ṣáà ni ìyá tó bí òun, ṣùgbọ́n òun kò rán ọmọ òun lọ sílé ìwé kó lè lọ dọmọ ọ̀dọ̀ lókè òkun. Hàkímù padà sí Dóhà. Kò pè. Gbémisọ́lá ní ó dára bẹ́ẹ̀, ó sì ń bínú sí ara rẹ̀ nígbàkigbà tí fóònù bá dún tí kì í ṣe Hàkímù.

Ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà tí ọ̀kadà kan já wọn sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà Adélékè: Hàkímù, àti ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí eruku ti bo ojú rẹ̀. Gbémisọ́lá, tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, pàdé wọn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i.

“Mo ti yan ilé ẹ̀kọ́, Gbémi,” ni Hàkímù wí. “Àmírà ti ní ọ̀rẹ́. Èmi ni mò ń di irun rẹ̀ láràárọ̀, mo sì ti mọ̀ ọ́n dì díẹ̀. Kò sí iṣẹ́ kankan nílé mi tí mo fẹ́ fi ọ́ ṣe. Ìwọ ni mo wá bá.”

Gbémisọ́lá wo irun Àmírà. Ó wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lẹ̀ mọ́rí dáadáa.

“Ṣé ilé ẹ̀kọ́ náà tẹ́ yín lọ́rùn?”

“Rárá o. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí àléébù rẹ̀. Mo kàn ń gbé ẹnu mi dákẹ́ ni.”

Ẹ̀rín fẹ́ pa á, kò jẹ́ kó hàn. Ó ní bí òun bá lọ, òun yóò máa ṣiṣẹ́ tíṣà òun níbẹ̀, kò sì ní jẹ́ nílé ẹ̀kọ́ tí Àmírà ń lọ. Hàkímù ní òun fara mọ́ ọn pátápátá. Ó ní kódà, òun ti wo ilé ẹ̀kọ́ mélòó kan tó lè gbà á síṣẹ́, ṣùgbọ́n èyí àkọ́kọ́ nínú wọn—

“Bàbá Àmírà,” ni Gbémisọ́lá wí, “èyí, fúnra mi ni mà á yàn án.”

Hàkímù pa ẹnu rẹ̀ dé. Adélékè húkọ́ láti inú yàrá, ó béèrè pé ta ni àlejò.

Gbémisọ́lá mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti re ọ̀nà jíjìn. Ó na ọwọ́, ó nu eruku ojú Àmírà kúrò.

“Bàbá, ọkọ mi ni,” ló dáhùn. “Ẹ jáde wá kí ọmọ wa.”