Orogún Ìyá Kò Tíì Sùn

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, oníṣẹ́ gàárì jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ẹṣin, ó ń rán awọ, ó ń súfèé bí bàbá rẹ̀ ṣe máa ń súfèé. Fìlà bàbá náà, tó ti dolóògbé, ṣì wà lórí ìṣó tó kọ́ ọ sí. Abo ẹṣin pupa kan wà nínú ilé náà, Orogún ni Ìyá ń pè é, torí pé bí Bàbá bá ti ibi iṣẹ́ dé, ọ̀dọ̀ ẹṣin ló ń kọ́kọ́ yà sí. Yóò fi iwájú orí kan tirẹ̀, ẹṣin á sì dorí kodò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Àárò ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyẹn ń sọ oníṣẹ́ gàárì náà gan-an.

Eéwo ńlá kan ti sọ Orogún lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn. Ìyá ní kí wọ́n pe dókítà ẹran, ṣùgbọ́n ọmọ rẹ̀ rántí abẹ́rẹ́ tó ń mú ẹṣin tòògbé, èyí tó ṣẹ́ kù sínú àpótí Bàbá. Ó ní wàhálà kí ni wọ́n ń wá kiri. Bó ṣe gún un tán, kò pẹ́ tí ẹṣin dorí kodò, tí ètè rẹ̀ rọ̀, àfi bíi pé Bàbá ló dé. Omijé lé ròrò sójú oníṣẹ́ gàárì.

"Ìyá, ẹ wò ó, orogún yín ti sùn."

Ó kúnlẹ̀ sẹ́yìn rẹ̀, ó fi abẹ kan eéwo. Ìpá kan ṣoṣo ni ẹṣin ta, egungun orúnkún ọkùnrin náà sì fọ́.

Nígbà tí wọ́n gbé e dé láti ilé ìwòsàn, orí àga ló jókòó sí tó ń wo dókítà ẹran tí Ìyá ti pè, obìnrin tí kò tó o lọ́jọ́ orí.

"Bọ̀dá, ìtòògbé nìkan kò lè pa ìrora abẹ," ló wí. "Ó ń gbọ́, ó sì ń mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tá a fi ń fi oògùn apàrora tó lágbára kún un. Tí méjèèjì bá jọ ṣiṣẹ́, díẹ̀ la máa lò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, á sì dúró jẹ́ẹ́ lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, ó ṣì lè ta ìpá."

Ó gbọ́ bí ọkàn ẹṣin ṣe ń lù, ó fojú díwọ̀n bó ṣe wúwo tó kó tó fa oògùn méjèèjì tó sì gún un, ó ní kí gbogbo ilé dákẹ́, kí wọ́n sì gbé koríko kúrò níwájú ẹṣin títí ojú rẹ̀ á fi dá. Ó tún gún abẹ́rẹ́ tó ń pa ara kú sẹ́gbẹ̀ẹ́ eéwo. Lẹ́yìn náà ló la á, Orogún ò mira.

"Bó ṣe máa ń ṣe lọ́dọ̀ Bàbá ló ṣe lọ́jọ́ yẹn," ni oníṣẹ́ gàárì ń tún sọ.

"Kò sùn fún bàbá rẹ rí," ni Ìyá dá a lóhùn. "Ó fọkàn tán an ni."

Orúnkún oníṣẹ́ gàárì kò ká mọ́. Gàárì tó rán láti fi gun ẹṣin bàbá rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fìlà, kò sẹ́ni tó ń lò ó.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹṣin nílé, ẹ má po oògùn fúnra yín, ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé orí tó wálẹ̀. Ẹ dá abẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kù padà fún dókítà. Ẹ pè é kí ẹ tó kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹran tí ẹ fẹ́ràn.