Mọ́tò Tó Ń Lajú Nírọ̀lẹ́

Àǹtí Wáyà ló kọ́kọ́ rí i. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, ó ti ilẹ̀kùn onírin wọ́kíṣọ́ọ̀bù náà sókè bó ṣe ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá, èéfín sì tú lù ú lójú. Nínú èéfín yẹn, ẹ́ńjìnnì mọ́tò aláwọ̀ eérú kan ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ jókòó sídìí sítíárìn, ojú rẹ̀ pa dé, gbohùngbohùn bo etí rẹ̀ méjèèjì bí ẹni tó ń gbádùn orin. Àǹtí Wáyà pè é lẹ́ẹ̀mẹta kó tó fọwọ́ kàn án. Ó ti kú.

Elétí ni gbogbo àdúgbò ń pe ọkùnrin náà, nítorí kò sí ẹ́ńjìnnì tó lè purọ́ fún un. Ẹni tó bá fẹ́ kí iná mọ́tò òun ríran jìnnà, tàbí kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sáré ju bí àwọn tó ṣe é ṣe fẹ́ lọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ń gbé e wá. Á de gbohùngbohùn kéékèèké mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, á jókòó sínú mọ́tò, á fi èyí tó bo etí sórí, á sì dijú. Tó bá ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì báyìí, o lè ká òrùlé kúrò lórí ẹ̀, kò ní mọ̀.

Èèyàn mẹ́ta péré ló ní kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀: òun fúnra rẹ̀, Àǹtí Wáyà tó ń bá a so wáyà, àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní Máníjà. Máníjà ló ń gba àlejò, tó ń dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù. Ṣẹ́ẹ̀tì funfun ló máa ń wọ̀ wá síbi tí epo ti ń kán láti òkè délẹ̀, kò sì sí ọjọ́ tí àbàwọ́n kan wà lára rẹ̀. Kì í fọwọ́ kan nǹkan.

Àwọn ọlọ́pàá tó kọ́kọ́ dé wo ilẹ̀kùn tó wà ní pípadé. Wọ́n wo rọ́bà gígùn tó yẹ kó wà lẹ́nu sàlẹ́ńsà, tó ń gbé èéfín gba inú ògiri jáde, wọ́n rí i pé orí ìṣó ló wà. Wọ́n ní ọkùnrin náà pa ara rẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n kó ẹrù tó wà lára rẹ̀, wọ́n lọ.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí dùn jù ni ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni, ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré, òun àti bàbá rẹ̀ nìkan ló kù sílé. Lálẹ́ Àìkú tó ṣáájú, ó ti bá bàbá rẹ̀ jà lẹ́nu ọ̀nà wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Bàbá ra mọ́tò kékeré kan tó ti gbó fún un, ọmọ sì ní kó bá òun mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le bíi tàwọn oníbàárà. Bàbá kọ̀. Ó ní iná lòun lè fún un, òun ò ní fún un ní eré. Ni ọmọ bá sọ ọ́ ketekete, tí aránṣọ òdìkejì títì sì gbọ́: “Ẹ fẹ́ràn mọ́tò àwọn èèyàn jù mí lọ. Ẹ kúkú lọ máa gbé inú wọn.” Ilẹ̀ mọ́, wọ́n bá bàbá ní òkú nínú mọ́tò ẹlòmíì. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló máa gbọ́ irú èyí tí oúnjẹ á ṣì máa lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀?

Kí á má tíì sọ ti iná. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé yẹn, bí ojú ọjọ́ bá ti ń ṣú bọ̀ láti ojú gíláàsì tó wà lórí òrùlé, iná iwájú mọ́tò eléérú náà á là fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà ní àgọ́ ọlọ́pàá. Á tẹjú mọ́ ògiri fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á tún pajú dé. Aránṣọ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kúrò nítòsí fèrèsé. Wọ́n ní Elétí ò tíì lọ. Wọ́n ní ọmọ tó ní kó lọ máa gbé inú mọ́tò ló ń wá. Ọmọ náà gbọ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni jiyàn, torí òun gan-an ti gbà bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́bọ̀ ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Jẹ́-n-wò dé. Àgbà ọlọ́pàá ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, bàtà rẹ̀ kì í dún. Orúkọ yẹn mọ́ ọn lára nítorí ohunkóhun tí o bá sọ fún un, “jẹ́ n wò ó” ni ìdáhùn rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Elétí ló gbé e wá. Mọ́tò kan ló gbá tíṣà àgbà kan pa níbi afárá ní ìdájí ọjọ́ Ajé yẹn kan náà, nígbà tí tíṣà náà ń na ẹsẹ̀. Ẹni tó wà á ò dúró. Àfọ́kù iná iwájú kan ṣoṣo ló fi sílẹ̀ lójú títì, ẹnì kan sì ti fi ohun mímú fín àmì etí kékeré sí inú rẹ̀.

Àǹtí Wáyà gbé àfọ́kù náà sún mọ́ ojú. Ó ní àmì Ọ̀gá òun ni, kò sí iná tí Ọ̀gá tú tí kì í fín etí sí. Jẹ́-n-wò yí mọ́tò eléérú náà po. Ó yọ́jú sínú iná òsì, ó rí etí kékeré níbẹ̀. Ó yọ́jú sí ti ọ̀tún, tó ń dán bíi tuntun, kò rí nǹkan kan.

Mọ́tò náà ló gbá tíṣà. Oníbàárà tó ni ín ti gbé e sílẹ̀ láti Sátidé, ó sì ti wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ. A jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta tó ní kọ́kọ́rọ́ ló wà á.

Ibi tí ìnsípẹ́kítọ̀ ti ń ronú, ó na ọwọ́ sí gílóòbù iná mọ́tò kan lórí pẹpẹ, kó gbé e wò. Àǹtí Wáyà gbá ọwọ́ rẹ̀ dànù bíi tọmọdé, kó tó rántí ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀.

“Ẹ má bínú, sà. Gíláàsì rẹ̀ ni ẹ fẹ́ dì mú. Ọ̀rá ọwọ́ ló ń ba gílóòbù jẹ́. Tí iná bá ti tàn, ojú ibi tí ọwọ́ kàn á jó, á funfun, á wú. Ìdí rẹ̀ la máa ń dì mú, pẹ̀lú aṣọ. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí Ọ̀gá kọ́ mi nìyẹn. Ọmọ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n kó tó mọ ìwé kà.”

Jẹ́-n-wò tọrọ àforíjì, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sápò.

Máníjà ò wọlé. Ẹnu ilẹ̀kùn ló dúró sí láti dáhùn ìbéèrè, ojú rẹ̀ wọnú bí ẹni tí kò sùn láti ọjọ́ mélòó kan. Ó ní ilé lòun wà ní ìdájí ọjọ́ Ajé, òun ń sùn. Nígbà tí ìnsípẹ́kítọ̀ fi àfọ́kù hàn án, kò wò ó pẹ́.

“Ó ní láti jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló gbá bàbá yẹn,” ló wí. “Ó dé ibí, ó pààrọ̀ iná, ọkàn rẹ̀ ò wá gbà á. Ìdí tó fi ṣe ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yẹn gbọ́.”

Ṣùgbọ́n ọmọ yẹn ti gbọ́. Ẹ̀yìn ògiri ló wà. Tẹ́lẹ̀, ó rò pé òun ló pa bàbá òun. Ní báyìí, bàbá òun tún ti di apààyàn. Ó rọra jókòó sílẹ̀, ó sọ fún ìnsípẹ́kítọ̀ pé òun ò ní lọ síbi ìsìnkú bàbá òun lọ́túnla, torí ojú wo lòun fẹ́ fi wò ó? Inú Jẹ́-n-wò bàjẹ́. Ó ní kó má tíì pinnu nǹkan kan, kó jẹ́ kóun wò ó.

Ó padà sí àgọ́. Nínú ẹrù òkú tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò, ó bá ìwé kékeré kan tí epo ti rin, èyí tí Elétí ń kọ iṣẹ́ mọ́tò kọ̀ọ̀kan sí. Ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún ojú ewé tó kẹ́yìn kà lẹ́ẹ̀mejì.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó ní kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá sí wọ́kíṣọ́ọ̀bù: Àǹtí Wáyà, Máníjà àti ọmọ náà. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ní kí Máníjà wọlé. Wọ́n dúró níwájú mọ́tò eléérú. Ìmọ́lẹ̀ gíláàsì òrùlé ń rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀. Lójijì, iná méjèèjì là. Ti òsì mọ́lẹ̀ gbòò, ti ọ̀tún ṣe bàìbàì bí ojú tó ń dun èèyàn. Ọmọ náà di Àǹtí Wáyà mú. Máníjà fà sẹ́yìn títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi kan ògiri, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́ pé, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́.”

“Kì í ṣe òkú,” ni Jẹ́-n-wò wí. “Ẹ̀gbọ́n rẹ kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Ní ọ̀sán Àìkú, ó lẹ ẹ̀rọ kékeré kan tó dà bí ojú mọ́ ẹ̀yìn dígí mọ́tò yìí, ó so ó tààrà mọ́ bátìrì. Tó bá ti rí òkùnkùn, á tan iná, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá á pa á. Oníbàárà ló ní kó ṣe é bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí ti ọ̀tún fi ń ṣe bàìbàì.”

Ó dúró kí iná náà kú, kí gílóòbù sì tutù, ó wá fi aṣọ fa ti ọ̀tún yọ. Ó gbé e sójú fèrèsé kí wọ́n rí i. Lára gíláàsì rẹ̀, ojú ìka méjì ti jó funfun, wọ́n sì ti wú. Ó ní ìlà ìka náà ti jóná, kò ṣeé kà mọ́. Lẹ́yìn náà, ó ṣí páálí gílóòbù tuntun mẹ́ta, ó ní kí kálukú mú ọ̀kan.

Àǹtí Wáyà fa aṣọ yọ lápò, ó di ìdí gílóòbù mú. Ọmọ náà, pẹ̀lú omi lójú, fi etí ẹ̀wù rẹ̀ wé ọwọ́ kó tó mú tirẹ̀, kò tiẹ̀ ronú sí i. Máníjà na ìka méjì sí tirẹ̀, ó sì gbá gíláàsì rẹ̀ mú.

Máníjà wo ọwọ́ àwọn méjì yòókù, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì yé e.

“Elétí ò lè fi gílóòbù yẹn síbẹ̀ láéláé,” ni Jẹ́-n-wò wí. “Àǹtí yìí náà ò lè ṣe é. Ìwọ nìkan lo wà níbí láti gbogbo ọdún yìí wá tí o ò fọwọ́ kan iṣẹ́, o ò sì mọ ohun tí ọmọdé ilé yìí mọ̀. Ìwọ lo gbé mọ́tò yìí jáde ní ìdájí, láti mọ bó ṣe ń sáré. Ìwọ lo gbá tíṣà. O gbé iná tuntun láti orí pẹpẹ, o fi sí i, ẹ̀gbọ́n rẹ sì wọlé bá ọ. Ohun tó kù, ìwọ ni kó o sọ.”

Máníjà fi ìdí lé ilẹ̀ nínú epo, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

“Kò tiẹ̀ pariwo mọ́ mi,” ló wí. “Ó ní kí n jẹ́ kóun kọ́kọ́ gbọ́ ẹ́ńjìnnì yẹn, kóun mọ̀ bóyá àṣìṣe òun ló jẹ́ kó já mọ́ mi lọ́wọ́. Ó ní lẹ́yìn náà, àwa méjèèjì la jọ máa lọ bá ọlọ́pàá, òun ò ní fi mí sílẹ̀ níbẹ̀. Ó bo etí, ó dijú. Mo dúró lẹ́yìn mọ́tò, mò ń wo rọ́bà yẹn. Mo yọ ọ́, mo gbé e kọ́, mo fa ilẹ̀kùn wálẹ̀. Mo mọ̀ pé kò ní gbọ́.” Ó bo ojú. “Gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni mò ń rí iná yẹn láti ilé mi. Mo rò pé èmi ló ń wá.”

Ọmọ náà wò ó pẹ́. Dádì Kékeré ló ti ń pè é láti ìgbà tó ti lè sọ̀rọ̀, ó sì la ẹnu láti pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà ò jáde. Àwọn ọlọ́pàá tó ń dúró níta wọlé, wọ́n mú Máníjà dìde, wọ́n sì mú un lọ.

Jẹ́-n-wò fa ìwé kékeré náà yọ, ó ṣí i sí ojú ewé tó kẹ́yìn, ó fi lé ọmọ náà lọ́wọ́. Ó ní alẹ́ Àìkú ni bàbá rẹ̀ kọ ọ́, lẹ́yìn ìjà wọn. Ọmọ náà kà á sókè, ohùn rẹ̀ ń gé:

“Ajé. Parí mọ́tò eléérú. Lẹ́yìn náà, iná iwájú tuntun fún mọ́tò ọmọ mi, má jẹ́ kó mọ̀. Wọ́n wà nínú dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Ó ní kí n lọ máa gbé inú mọ́tò. Ẹnu ìyá rẹ̀ gẹ́lẹ́ ló gbé wá sáyé. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi délé.”

Ó sunkún nígbà yẹn, ẹkún tí kò lè sun láti ọjọ́ Ajé. Àǹtí Wáyà náà sunkún. Ìnsípẹ́kítọ̀ kọjú sí ògiri, ó ń ka nọ́ńbà tí wọ́n kọ síbẹ̀ bí ohun tó ṣe pàtàkì.

Lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n tó lọ síbi ìsìnkú, Àǹtí Wáyà ṣí dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀. Iná méjì wà níbẹ̀ nínú páálí, etí kékeré ti wà nínú ìkọ̀ọ̀kan. Wọ́n gbé wọn lọ síwájú mọ́tò kékeré tó ti gbó náà, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ti àtijọ́. Nígbà tó kan gílóòbù, Àǹtí Wáyà ti ń la ẹnu láti kìlọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ náà ti mú aṣọ iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lórí ìṣó. Ó fi wé ọwọ́, ó sì di gílóòbù náà mú nídìí.